Oògùn Tó Ń La Ojú Mọ́tò

Ọba tí kò dé adé ni ọkùnrin tí mọ́tò rẹ̀ ti gbó, tí bọ́ńpà rẹ̀ so rọ̀ mọ́ okùn, àmọ́ tí iná iwájú rẹ̀ ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Kí ilẹ̀kùn má tì, kí mọ́tò máa tú èéfín láti Ìtẹ̀lé dé Ojú Òré, kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà yóò mọ̀ pé ẹni ńlá ń bọ̀.

Nígbà tí iná tèmi pọ́n bí ìgò epo pupa tí wọn kò fọ̀, mo gbé mọ́tò lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún ojú iná mọ́tò ṣe ní Ìlo-Awẹ́là, ní Ọ̀tà. Ará Ọ̀ṣun ni, iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ló bá wá kó tó kọ́ èyí. Ó fi sáńpépà àti omi họ ojú iná náà. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n wa mọ́tò wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì fa tapólì bo ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ló da oògùn olómi kan sínú ife kan tí iná mànàmáná ń mú gbóná. Èéfín tó ń ti ẹnu ife náà jáde ló ń sọ ojú iná di tuntun. Ó fún mi ní ìbòmú onírọ́bà, ó wọ tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ o, ẹ má sì jókòó. Ilẹ̀ ni èéfín yìí ń sùn sí. Ọ̀gá tó kọ́ mi dákú lórí rẹ̀ rí."

"Kí ló dé tó o wá dí ẹnu ọ̀nà?"

"Bí òjò bá kan ojú iná yìí, á funfun bí ojú afọ́jú. Àbí ẹ fẹ́ afọ́jú?"

Ẹ̀rù ń bà mí, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n jáde. Ó ti parí ọ̀kan nígbà tí bàbá onílé rẹ̀, ọmọ bíbí Ọ̀tà, gbé tapólì sókè, wọ́n yọ orí wọlé lábẹ́ agbòjò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi."

Oníṣẹ́ iná gbé ife kalẹ̀, ó yọ ìbòmú. Ta ni yóò fi ẹnu dídì kí àgbà? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà: fún iṣẹ́, fún ọmọ, fún ìrìn àjò. Ọmọ tó mọ ìwà kì í dìde kí àdúrà tó tán. Àmín rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ àmín mọ́.

"Ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o," ni bàbá wí.

Mo fà á lápá. Orí rẹ̀ ń mì bí orí ọmọ tuntun. Mo kígbe, bàbá ju agbòjò nù, a wọ́ ọ síta sínú òjò. Mo gbé etí lé e láyà, òjò nìkan ni mo ń gbọ́. Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí iná mọ́tò. Àfi bó ṣe wúkọ́, tó bì, tó lajú.

"Ẹ má bínú, bàbá. N ò ṣe àmín tó kẹ́yìn."

"Ta ló bi ọ́ ní àmín? Mí jàre!"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ará ilé mi bí ìkíni ṣe fẹ́ pa òmùgọ̀ kan. N kò sọ fún wọn pé nígbà tí bàbá yọjú, èmi náà yọ ìbòmú tèmi, mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òòyì tó ń kọ́ mi ló sì lé mi dìde.