Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Fi Pamọ́ De Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, Káyọ̀dé, fi ọkọ̀ gbé mi láti Ìbàdàn lọ síbi òkú ẹbí wa kan ní Ìrókò. A kọjá Mọ́níyà tán, ọ̀nà dá, ọmọ náà sì tẹná mọ́ ọkọ̀. Bí eré náà ti ń le sí i ni mo gbọ́ ìró kan tó ti pẹ́ gan-an tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, gbì-gbì-gbì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, sitiárìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dín eré kù, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Ó tún sáré, ó tún bẹ̀rẹ̀. Káyọ̀dé rí i pé mo di ìjókòó mú, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, táyà lásán ni. Ó yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe táyà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n gbé táyà kọ́ ẹ̀rọ kan tó ń fi í pòòyì, wọ́n kan òjé tí kò tóbi ju èékánná lọ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè wúwo dọ́gba. N kò tíì jẹ ẹ̀pà ọwọ́ mi tán tí wọ́n fi parí iṣẹ́. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n omijé ló bọ́ lójú mi.

Tíṣà ni gbogbo Ìrókò ń pe bàbá mi, màmá mi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ilé àwọn olùkọ́ lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì ni à ń gbé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi kẹ̀kẹ́ jìyà fún ọdún púpọ̀, wọ́n ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù kan, aláwọ̀ ewé, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí ọkọ̀ yẹn, àmọ́ gbogbo ìlú ló ni ín. Ó ń gbé aláìsàn, ó ń gbé ìyàwó tuntun. Àgbò Iléyá Alfa àdúgbò wa pàápàá ti jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ náà rí, tó ń wo ojú fèrèsé bí ìjòyè. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá sì ti fẹ́ ṣíná sí i ni màmá mi máa ń wí láti ẹnu ọ̀nà pé, "Tíṣà, ẹ rọra o."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kò lè mọ bí a ti ń tọ́jú nǹkan nígbà náà. Ohun tó bá dára, a kì í lò ó, ńṣe là ń fi í pamọ́. Àwo olódòdó màmá mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àwa ń jẹun nínú abọ́ tó ti bó létí. Aṣọ Àjíǹde tí wọ́n rà gbọ̀ọ̀rọ̀ fún mi kí n lè dàgbà bá a, ìgbà tí wọ́n máa fi gbà kí n wọ̀ ọ́, orúnkún mi ti yọ síta. Bísíkíìtì àlejò sì rèé, kòkòrò ni àlejò tó kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rín. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é.

Èmi nìkan ni màmá mi bí, ìbí mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí wọn lọ. Nígbà tí wọ́n tún lóyún, dókítà kan ní Ìbàdàn kìlọ̀ pé bí wọ́n bá ti ń rọbí, kí a má dúró de ẹnikẹ́ni, kí a sáré gbé wọn wá. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ti gbé ọkọ̀ wọn sábẹ́ igi ọdán, tí wọ́n padà sórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá wá tọrọ ọkọ̀, wọn a bẹ̀ ẹ́ pé ọkọ̀ náà ń retí ẹnì kan. Inú ẹnikẹ́ni kò bí sí wọn. Àwọn ará àdúgbò gan-an ló mú ẹní wá tí a fi bò ó kí ẹyẹ má baà yàgbẹ́ sí i. Láràárọ̀ ni bàbá mi ń ṣíná sí i, tí wọ́n ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọrin díẹ̀, tí wọ́n á sì pa á. Ní Sátidé, wọn a fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í sún un kúrò lójú kan. Òjò rọ̀ lé e lórí títí òjò fi dá, ọyẹ́ sì dé.

Ọ̀sán gangan ni ọjọ́ náà pé, ìrọbí mú màmá mi. Bàbá mi sáré ti kíláàsì wá pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lápò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣíná tí ọkọ̀ jí, àwọn tó dúró yí wa ká sì ń yin iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Màmá mi gbé orí lé itan mi lẹ́yìn ọkọ̀, Ìyá Sàúdá, aládùúgbò wa, di ẹsẹ̀ wọn mú, ó ń pe Bísímílàì lábẹ́ ẹnu. Lójú ọ̀nà amọ̀, ọkọ̀ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí a dórí títì ọ̀dà tí bàbá mi fẹ́ sáré ni sitiárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n rọra, ó dáwọ́ dúró. Wọ́n tún sáré, ó gbọ̀n débi pé ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já wọgbó mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n de gbogbo nọ́ọ̀tì, ó ti le tẹ́lẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, lọ́rì kan kò kọjá. A tún gbéra. Ó tún gbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rìn bí ìgbín lọ sí Ìbàdàn. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ kan, ẹlẹ́mu kan pẹ̀lú kèrègbè lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yà wá sílẹ̀, ó tún kí wa. Ẹ̀yìn ọrùn bàbá mi ni mò ń wò, òógùn ń ṣàn wọnú kọ́là wọn. Màmá mi la ojú.

"Tíṣà, ẹ má rọra mọ́."

"Èmi kọ́, Àbẹ̀kẹ́. Kò gbà fún mi ni."

Ọkùnrin ni ọmọ náà. Kò ké. Dókítà ní ká ní a ti tètè dé díẹ̀ ni. Màmá mi yè é, a dúpẹ́.

Ọkàn bàbá mi kò balẹ̀ títí wọ́n fi mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Mẹkáníìkì kan wá láti Mọ́níyà, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó de èyí, ó fi gíríìsì sí tọ̀hún, ọkọ̀ ń gbọ̀n síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó yọ táyà iwájú sẹ́yìn, ó mú ti ẹ̀yìn wá síwájú. Sitiárìn wá dákẹ́, ìjókòó ló kù tó ń gbọ̀n. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé inú táyà ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, bàbá mi yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, wọ́n nà án sún mọ́ táyà, mẹkáníìkì sì ń yí i. Ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yíká táyà, àfi ojú ibì kan tí kò kàn. Bàbá mi fọwọ́ pa ibẹ̀. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà fi tẹlẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lórí, láti ìgbà òjò títí di ọyẹ́, tó ń dúró dè wá.

"Ìdúró ló bà á jẹ́, Tíṣà," ni mẹkáníìkì wí. Bàbá mi kò gbé ọwọ́ kúrò lára táyà fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ àlejò, màmá mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n mú àwo olódòdó jáde, wọ́n bu iṣu sí i fún bàbá mi. Bàbá mi jẹ ẹ́ tán. Ọkọ̀ náà sì tún di ti gbogbo ìlú.

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń wọn táyà, òjé bí èékánná ló sì ń yanjú irú gbígbọ̀n tó sọ wá di aláìlólùrànlọ́wọ́ lójú títì lọ́jọ́ yẹn. Èèyàn ṣì ń fi ohun dáadáa pamọ́. Àwọn ará Ọlọ́runṣògo, níbi tí mò ń gbé báyìí, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá àgbà yìí ń fi epo ṣòfò, nítorí láràárọ̀ ni mò ń wa ọkọ̀ mi yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan, tí mo sì ń padà wálé. N kò ní ibi tí mò ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí bá ní kí n má rọra, n kò ní rọra.