Ẹni Tí Wọ́n Ní A Kò Gbọdọ̀ Gbé Gòkè

Ní ìlú bàbá mi, ẹnikẹ́ni kì í fi "gòkè" ṣàdúrà fún aláìsàn. Orí àpáta ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí látijọ́. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ilé wọn àti sàréè wọn kò bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá kú, wọ́n á gbé e padà lọ sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òbí rẹ̀. "Wọ́n ti gbé e gòkè," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti kú, ó sì ti délé.

Ìbàdàn kò mọ èyí. Lọ́dún tí mo mú bàbá mi wá sí Agbowó kí n lè máa gbé e lọ sí ọsibítù (ẹ má bínú, "ó" ni mo ń pè é, ní ẹ̀ka èdè tiwa a kì í pe ẹnì kan ṣoṣo ní ẹ̀yin), aládùúgbò wa kan, wòlíì ìjọ Aládùúrà, wọlé wá pẹ̀lú agogo àti omi àdúrà. Ó gbé ọwọ́ lé bàbá mi lórí, ó ní Ọlọ́run yóò gbé e gòkè, kò sì ní pẹ́ rárá. Ojú mi le. Èmi tí mo máa ń gbaná jẹ bí wọ́n bá fi korobá mi pọnmi, ẹ wo irú àdúrà tí wọ́n ń gbà lójú mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi tó ti ń tòògbé gbórí sókè, ó ní, "Àmín. Àmín, ọmọ mi." Wòlíì lọ tayọ̀tayọ̀. Kò mọ̀ pé ikú ni òun ṣèlérí fún un, àti pé ohun tí bàbá mi ń wá gan-an nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Kí a ṣáà ti gbé òun gòkè, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun, lẹ́yìn ògiri ilé wọn. Ìdálẹ̀ ló wà nígbà tí ìyá náà kú, kò bá wọn sin ín, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti ọdún yìí wá. Ó ní kí a jẹ́ kí òun lọ bá a.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sílé lọ tọrọ ààyè. Ìjọba ti gba orí òkè náà nígbà yẹn. Wọ́n ti fi géètì sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ògiri ààfin àtijọ́, wọ́n sì ti kọ́ àgọ́ ìsinmi fún àwọn tó ń wá wòran. Mo tilẹ̀ rí àpáta wa lórí kàlẹ́ńdà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, ó ń dán bí ìyàwó tuntun. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Ẹ̀gbọ́n mi padà dé, ojú rẹ̀ fà ro. Àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ ní kò sí ìsìnkú lókè mọ́, pé òkú tútù àti àlejò kì í jọ gbé. Àwọn àgbà ìlú bẹ̀ wọ́n títí, pàbó ló já sí.

Bàbá ní kí ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Bàbá bi wá léèrè, "Ṣé ìyá mi náà ti di ìran wíwò?" Oúnjẹ tí mo gbé síwájú rẹ̀ tutù síbẹ̀.

Ó kú kí òjò ọdún náà tó dá. A gbé e délé, ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́lẹ̀ la sin ín sí, láàárín àwọn tí kò bá a tan. Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún. Kí n tó padà sí Ìbàdàn, mo bu yẹ̀pẹ̀ orí sàréè rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo sì gun àtẹ̀gùn náà tí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ṣí géètì fún mi, wọ́n rò pé ìran ni mo wá wò. Sàréè ìyá bàbá mi wà níbi tó ti wà, àga ìsinmi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo da yẹ̀pẹ̀ náà sórí rẹ̀, mo ní, "Ìyá, ọmọ rẹ ti dé."

Ọkùnrin tó ń mú àwọn àlejò káàkiri rí mi. Kò jágbe mọ́ mi, ó tilẹ̀ tẹrí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má da ìdọ̀tí síbí. Àwọn àlejò ń bọ̀."

Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá a mọ́ tónítóní, ó kó o sínú garawa, ó sì dà á nù sí ìsàlẹ̀ òkè.