Adájọ́ Tí Mo Fi sí Tábìlì Kejì

Ẹ fa àpótí súnmọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ bá ráyè jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ rárá.

Nígbà tí owó epo ń wọ ìlú, tí ìjọba sì fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, kò sẹ́ni tí kì í ránṣọ. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀. Láti Òṣòdì títí dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí òpópónà tí ẹ máa gbà tí ẹ ò ní gbọ́ ìró maṣíìnì. Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ àdúgbò wa rò ó pé àwọn yóò máa fún àwọn ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ náà ní ẹ̀bùn lọ́dọọdún. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù lọ yóò gba maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tuntun.

Èmi ni wọ́n wá bẹ̀ pé kí n bá àwọn pín àwọn adájọ́. Ìdí tí wọ́n fi mú mi ni pé n kì í ṣe télọ̀. N kò ní ṣọ́ọ̀bù, n kò ní ọ̀gá, n kò ní ọmọṣẹ́. Alága wọn tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí bọ́tìnnì mi bá já, ìyàwó mi ni mo máa ń ké pè. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Adájọ́ mẹ́fà, tábìlì méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Nọ́ńbà ni a lẹ̀ mọ́ aṣọ, kì í ṣe orúkọ. Mo béèrè ṣọ́ọ̀bù adájọ́ kọ̀ọ̀kan àti ìlú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dájọ́ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ tàbí ọmọ ìlú rẹ̀. Mo rò pé kò sí ibi tí ojúsàájú lè gbà wọlé mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà jẹ́ bàbá kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá Ire-Akari. Sáfárì àti ṣòkòtò ni bàbá náà ń rán. Ọwọ́ ni ó ṣì fi ń rán ihò bọ́tìnnì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi maṣíìnì ṣe é. Ènìyàn jẹ́ẹ́ ni. Tábìlì kejì ni mo fi í sí.

Lára àwọn tó gbé aṣọ wá ni ọmọbìnrin kan láti Mafoluku, ọmọ apá Ọ̀yọ́. Sáfárì ọkùnrin ni òun náà rán, èyí tó ṣọ̀wọ́n fún obìnrin nígbà náà. Maṣíìnì onímaṣíìnì ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹni tó ni ín bá ti dé, á dìde fún un. Nígbà tí mo ń fún un ní nọ́ńbà, ó sọ fún mi pé bí òun bá rí maṣíìnì yìí gbà, òun á gba yàrá, òun á mú ìyá òun wá sí Èkó. Ẹsẹ̀ ìyá náà kò gbé e dáadáa mọ́, kò sì sí ẹni tó ń bá a gbé nílé.

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú kíláàsì kan ní Ìsọlọ̀. Àwọn tó ni aṣọ wà níta. Àwọn adájọ́ wọlé, wọ́n yí tábìlì wọn ká. Kò pẹ́ tí bàbá Ire-Akari fi tọ̀ mí wá.

Ó ní, “Akọ̀wé, bá mi kúrò ní tábìlì kejì.”

“Kí ló dé, bàbá?”

“Kò sí nǹkan. Gbé mi lọ sí ti kìíní ṣá.”

Mo bi í bóyá ọmọṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní kò sí nínú àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ọmọ ìlú rẹ̀ ńkọ́? Ó mi orí pé kò sí. Mo wá rẹ́rìn-ín, mo ní, “Bàbá, ẹ̀ ń sá fún iṣẹ́ ni. Bí mo bá yí tiyín padà, gbogbo wọn ni yóò ní kí n yí tàwọn.” Ó wò mí, ó wo bébà ètò àwọn adájọ́ tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì padà síbi tí mo fi í sí.

Àwọn adájọ́ méjì yòókù ní tábìlì kejì fún sáfárì ọmọbìnrin náà ní mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Bàbá fún un ní mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan láti Òṣòdì ni ó gbé maṣíìnì lọ.

Ọmọbìnrin náà dúró títí gbogbo ènìyàn fi lọ tán.

“Bọ̀dá akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá Ire-Akari wà ní tábìlì tiwa?”

Mo ní àṣírí ni. Ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì ká aṣọ rẹ̀.

Mo lọ bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí télọ̀ èyíkéyìí ìbá ti mọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ó ku oṣù díẹ̀ kó gba frídọ̀mù ni àìsàn ìyá rẹ̀ gbé e lọ sílé. Nígbà tó dé, bàbá ní kó tún ọdún kan ṣe; ó kọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láàrin àwọn télọ̀, ẹni tó bá lọ báyìí, ọ̀gá rẹ̀ kò gbọdọ̀ pè é ní ọmọṣẹ́ òun níwájú ẹgbẹ́ títí yóò fi mú àgbà wá bẹ̀bẹ̀. Bí ọ̀gá bá pè é bẹ́ẹ̀, ó ti fún un ní frídọ̀mù nìyẹn.

Bàbá ní, “Mo ṣí ihò bọ́tìnnì kan wò, iṣẹ́ ọwọ́ mi tí mo kọ́ ọ ni mo rí. Bí mo bá fún un ní mẹ́wàá, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọn á ní mo ṣe èrú fún ọmọ mi. Bí mo bá sì ní ọmọ mi ni, mo ti fún un ní ohun tí kò bẹ̀ mí fún.” Ó tún ní, “Inú sì ń bí mi. N kò ní purọ́ fún ọ.”

Mo ní kí á lọ sọ fún alága. Ó bi mí bóyá a máa lọ gba maṣíìnì padà lọ́wọ́ ọmọ Òṣòdì tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo dìde, mo bá tèmi lọ.

Kí ọdún náà tó parí, ìyá ọmọbìnrin náà kú nílé, òun nìkan nínú yàrá. Àwọn ará àdúgbò ni wọ́n bá a pa ojú dé. Láti ìgbà náà ni ọmọ náà kò ti ránṣọ mọ́. Ó lọ ń gbálẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bàbá náà kú. Àkọ́bí rẹ̀ kó maṣíìnì àti áyọ́ọ̀nù. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin pín aṣọ tí àwọn oníbàárà kò wá gbà. Onílé gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ nìkan ni ó kù, èyí tí ọ̀gá máa ń fi lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ frídọ̀mù. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọmọ Mafoluku ni kí wọ́n fún, kí n sì bá òun gbé e lọ.

Mo gbé e lọ. Ọmọbìnrin náà gbà á, ó ṣí i, ó pa á dé, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ padà.

“Ẹnu bàbá ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ pé ọmọṣẹ́ wọn ni mí,” ó ní. “Ẹ bá mi dá a padà fún wọn.”

Ìyàwó bàbá kọ̀ ọ́, ó ní òun kò lè gba ohun tí òkú ti fi tọrẹ. Bí àlùmọ́gàjí náà ṣe di tèmi nìyẹn.