Kúpé Olójú Méjì tí Kúlísúmù Mú ní Vridi

— Ẹ̀yin ọmọ àgbàlá, mo ru àlọ́ dé o!
— Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ká gbọ́!
— Ó wúwo o!
— A pọ̀ tó láti gbé e!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó kúrò ní Abobo níbí, ó wọ ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní gbàkà, ó kọjá lórí afárá, ó dé Vridi létí omi. Kò balẹ̀ lórí ìjàpá, kò balẹ̀ lórí àjànàkú. Orí Kúlísúmù ló balẹ̀ lé, ìyá Mounira tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi yìí. Bàsìt, má wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí nílé. Òun àti bàbá rẹ̀ jáde.

Abidjan níbí ni wọ́n bí Kúlísúmù sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Sìrájù, ti wá. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni Kúlísúmù ń tà ní kásì, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti kú. Obìnrin ò pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn ọkùnrin ní kó lọ máa ta tòmátì. Ó ní bàbá òun ò fi tòmátì tọ́ òun. Ó jókòó lé ẹ́ńjìnnì kan, kò sì dìde títí wọ́n fi sún fún un. Bó ṣe rí nìyẹn. Tí Kúlísúmù bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ síbì kan, ẹ̀yin ẹ wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Mẹkáníìkì ni Sìrájù nígbà tí agbára ṣì wà. Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó kan ní Vridi, ní ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Pijó kúpé. Kì í ṣe Pijó akérò tí ẹ mọ̀ o. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó rẹlẹ̀, imú rẹ̀ gùn, eré rẹ̀ dà bí eré ẹtu. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ju kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ní, “Siradjou, lọ dán an wò.” Ó wà á láti Vridi dé etí òkun ní Port-Bouët, ó sì wà á padà. Ìtàn dé! Ọjọ́ iléyá, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ìtàn yẹn náà ni. Á sọ ti afẹ́fẹ́ òkun, á sọ ti ìró ẹ́ńjìnnì, á sọ ti àwọn apẹja tó pa àwọ̀n tì, tí wọ́n dìde dúró láti wò ó. Lẹ́yìn náà á mí kanlẹ̀, á ní, “Ká ní mo tún lè rí i lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ojú rẹ̀ wá ń kú lọ. Ọdún 2001 ni, kí ogun tó dé. Dókítà ní ojú òsì ti lọ, ọ̀tún náà ń tẹ̀lé e, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́. Ìgbà yẹn ni Kúlísúmù là á mọ́lẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, Gafarou, tó ń wa takisí wôrô-wôrô.

“Bàbá mi á rí ọkọ̀ yẹn kí ojú rẹ̀ tó ṣú. Á jókòó sínú rẹ̀, á sì wo òkun láti inú rẹ̀.”

Owó ńkọ́? Ó ti ń kó o jọ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni àlọ́ mi.

Ó wá kúpé káàkiri kásì, kò rí i. Oníbàárà kan ló júwe opó kan fún un ní Vridi, Alice, ọmọ Kétu tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n ń pè ní Tàtí, ìyẹn àǹtí. Olóògbé ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́. Òun àti Gafarou lọ síbẹ̀. Alice ṣí gáréèjì. Ẹ wò ó, àwọn tó ń wá ẹyọ kan, méjì ni wọ́n bá!

Ọ̀kan jẹ́ ti ọdún 1972. Funfun báláú ni, ó ń dán, iná mẹ́rin ló sì wà níwájú rẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Èkejì jẹ́ ti 1978. Iná méjì péré ni tirẹ̀, wọ́n fẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, iyọ̀ òkun ti jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀, adìyẹ sì ń sàba lórí àga ẹ̀yìn.

Alice ní, “Ọ̀kan ni n óò tà fún yín o. Ọkùnrin kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti Bassam. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ ló máa gbé.”

Gafarou ti wọ inú funfun, ó ti di ìdarí mú. “Ìyá Mounira, kí la tún ń rò? Ọkọ̀ àtijọ́ ni Bàbá ń sọ. Èyí ló dàgbà jù. Ẹ̀gbọ́n ni! Ṣé a máa fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ ká mú àbúrò?”

“Ma chère, ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ ti ọkọ ẹ,” ni Alice wí. “Funfun yìí ni wọ́n ń yá lọ́wọ́ mi fún ìgbéyàwó. Ìyàwó wo ló máa gbà kí wọ́n fi ilé adìyẹ gbé òun lọ sílé ọkọ?”

“Ẹ̀yin ń sọ ti ọkọ̀ ìyàwó, Tàtí. Èmi, ọkọ̀ bàbá mi ni mò ń wá.”

“Èwo wá ni ọkọ̀ bàbá ẹ níbẹ̀?”

Kúlísúmù wo funfun, ó wo èkejì. Kò mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo ìtàn yẹn, bàbá rẹ̀ ò sọ ọdún ọkọ̀ náà rí, kò sì sọ iye iná rẹ̀.

“Ó dáa, lọ bi í kó o padà wá,” ni Alice wí.

Ràdíyàtù, mo rí i pé ohun tí ìwọ náà fẹ́ wí nìyẹn. Fetí sílẹ̀. Sìrájù kì í gbà kí ọmọ náwó lé òun lórí. Nígbà tí Kúlísúmù fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì tuntun fún un, ó ní rárá, kó lọ fi ra sìmẹ́ńtì sílé tí wọ́n ń kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí bàbá bá sì ti ní rárá, ó parí. Ọmọ tó bá mọ ilé tó ti wá kì í tẹ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá ò bá tíì sọ, ta ló lè ní o ti rú u? Nítorí náà, Kúlísúmù ò gbọdọ̀ bi í. Kò sì gbọdọ̀ má mọ̀.

Gafarou rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá Mounira, Bàbá ò kúkú ríran dáadáa mọ́. Èyí tá a bá gbé dé, á gbà pé òun ni.”

Háà! Obìnrin náà yíjú sí i.

“Bàbá Mounira, ojú kan tó kù fún bàbá mi, irọ́ lẹ fẹ́ kó fi wò?”

Gafarou rọra sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Màgáríbì, Kúlísúmù kó àwọn ọmọ jọ sẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ ní àgbàlá yìí gan-an. Èmi náà gbé àpótí mi dé. Àlọ́ àpamọ̀ là ń pa. A pa ti ẹ̀pà, a pa ti òjò, ó wá kan Kúlísúmù.

“Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ojú mẹ́rin ló ní, kì í la ọ̀kankan lọ́sàn-án. Vridi ló ń sùn, etí òkun ló ti ń ṣeré. Kí ni o?”

Ọmọ kan ní ológbò ni. Òmíràn ní alántakùn. Sìrájù bú sẹ́rìn-ín.

“Kúpé ni! Ṣùgbọ́n o ṣì í pa, ọmọ mi. Olójú mẹ́rin, ti ìṣáájú nìyẹn, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Èyí tí mo wà, ojú méjì ló ní, ó rí ràgàjì bí ojú màlúù.”

Kúlísúmù ò mira. Èmi tí mo jókòó tì í ni mo gbọ́ bó ṣe mí sókè.

Bàbá náà fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀. Ó wá ní, “Èmi náà ní ọ̀kan. Ọmọ kan ń ru ẹrù bọ̀ wá fún bàbá rẹ̀. Bàbá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà, kò ní kó dá a padà. Kí ni o?”

Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Kúlísúmù kúnlẹ̀.

“Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò ní tú u.”

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Kúlísúmù gbé bátìrì láti kásì, ó di Vridi. Ó gbé adìyẹ kalẹ̀, ó kó ẹyin fún Alice, ó ní òun ti dé.

Alice pàtẹ́wọ́. “O fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ lóòótọ́?”

“Tàtí, nílé tiwa, Táyé ló ń kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n.”

Alice rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún un.

Orí tábìlì tirẹ̀ ní kásì ni Kúlísúmù ti ṣa ẹ̀yà tó fi tún ọkọ̀ náà ṣe. Gafarou ní kó kùn ún. Ó kọ̀. Ó ní kí ọ̀dà tó gbẹ, ojú lè ti lọ. Ilẹ̀kùn apá kejì náà ò ṣí, kò dúró dè é. Gbàrà tí ẹ́ńjìnnì ti gbà láti máa lọ láìkú sójú títì, ó gbé e wá síwájú ilé yìí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan.

Sìrájù jáde pẹ̀lú ọ̀pá. Kò lọ síbi ilẹ̀kùn. Iwájú ọkọ̀ ló lọ. Ó fọwọ́ pa iná ọ̀tún, ó fọwọ́ pa iná òsì, ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, ó fi ojú kan yẹn wò ó, ó wò ó.

“Òun ni,” ó wí. “Ẹ kú àtijọ́ o.”

Ọkọ̀ ló ń kí! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Àwa náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àfi Kúlísúmù.

Bàbá gba ilẹ̀kùn awakọ̀ wọlé, ó wọ́ ìdí kọjá sápá kejì, ọmọ rẹ̀ sì wà á lọ sí Port-Bouët. Gafarou àti èmi wà lẹ́yìn, níbi tí adìyẹ ń sùn tẹ́lẹ̀. Nígbà tá a dé etí òkun, Kúlísúmù sọ̀kalẹ̀.

“Bàbá, ẹ sún bọ̀ níbí.”

Ó sún. Ó di ìdarí mú. Kúlísúmù ti fa bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ ò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n bàbá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Òkun wà níwájú rẹ̀, ó fẹ̀, ó funfun. Ó ń wò ó.

“Kúlísúmù, àwọn apẹja ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dìde?”

Ọmọ náà wo etíkun. Àwọn apẹja wà níbẹ̀, wọ́n jókòó ti àwọ̀n wọn. Ó lè ní gbogbo wọn ti dìde. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

“Ọ̀kan ti dìde, Bàbá. Ó ń wò yín.”

“Ọ̀kan tó,” ni Sìrájù wí, ó sì tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ojú ọ̀tún náà ti lọ báyìí. Ọ̀sán yìí ni Kúlísúmù tún gbé e lọ sí etí òkun. Á sọ ohun tó bá wà níbẹ̀ fún un, bàbá á sì gbà á gbọ́, nítorí ó mọ ẹni tó ń wò ó fún òun.

Ibi tí mo ti ru àlọ́ náà ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí yìí. Bí mo bá fi kún un, kí ọrùn ro mí; bí mo bá sì yọ nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ bi Gafarou. Ó tó. Ràdíyàtù, ká ẹní. Bàsìt, fọ ẹsẹ̀ ẹ kó o tó gorí bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má sáré jáde o, Kúlísúmù ló gbé bàbá rẹ̀ dé. Ẹ lọ sùn.