Ìdílé Ògúnbáyọ̀ Fẹ́ Dìbò ní Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá dé Japara ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹ ní Bàbá Titus Ògúnbáyọ̀ lẹ ń wá, kò sẹ́ni tí yóò bi yín pé èwo nínú wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Òun ni ọkùnrin tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé ìlagi, tí ariwo ayùn ti ba etí rẹ̀ ọ̀tún jẹ́, tó wá ń pariwo bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ayé gan-an ló dití. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ìjà ló ń jà. Kì í ṣe ìjà. Ó ń kí yín ni.

Nígbà tó ṣì ń ṣòwò gẹdú, ó ní òòlù kan tí orúkọ rẹ̀ wà lójú irin rẹ̀. Igi yòówù tó bá rà nínú igbó, yóò fi òòlù náà lu ìdí rẹ̀ gbàù, òǹtẹ̀ á sì hàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé igi náà dé Èkó, ti Ògúnbáyọ̀ ṣì ni. Kí n má purọ́, bó ṣe ń wo igi wọ̀nyẹn náà ló ṣe ń wo ọmọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, Olúfúnmi. Nọ́ọ̀sì ni. Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ni òun àti Gbọ́láhàn ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọbìnrin wọn kékeré. Láti ìgbà tí ìyàwó Bàbá Titus ti ṣaláìsí, ìpè Olúfúnmi ní ọjọ́ Sátidé ló kù tí baba náà ń fojú sọ́nà fún. Á wẹ̀, á wọ bùbá tó mọ́, á gbé fóònù ti ife tíì, á sì máa retí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bàbá Japara ni ọmọ náà ń pè é, kò sì sí oyè tí ẹnikẹ́ni lè fi í jẹ tó lè dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọdún ìdìbò Amẹ́ríkà dé, Bàbá Titus gbé rédíò sétí òsì, ó di ọ̀mọ̀ràn. Ó gbọ́ pé ẹgbẹ́ méjì ló ń figagbága, ọ̀kan ní àmì erin, èkejì ní àmì kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ta ni yóò fi erin sílẹ̀ lọ gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́? Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbọ́ ọ lọ ló wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn fà á lórí oyún, wọ́n ń fà á lórí ẹni tó yẹ kí ènìyàn fẹ́, lórí ìbọn, lórí ìwé tó yẹ kí ọmọdé kà nílé ẹ̀kọ́. Bàbá Titus pàtẹ́wọ́. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà títì àti iná mànàmáná ni wọ́n ń pè ní òṣèlú. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ni, ta ló tún mọ̀ ọ́n ju ìdílé lọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe é nílé Ògúnbáyọ̀. Bí ìdìbò tiwa níbí bá ń bọ̀, àwọn olóṣèlú á wá kí ìdílé, ìdílé á jókòó, wọn á jiyàn títí ẹnu á fi gbẹ, lẹ́yìn náà wọn á fohùn ṣọ̀kan. Ẹni tó bá lọ dìbò sí ibòmíràn, tí àṣírí rẹ̀ sì tú, páálí mínírà kan ni ìtanràn rẹ̀. Bàbá Titus wá ronú, ó ní ṣebí Olúfúnmi àti ọkọ rẹ̀ ti gba ìwé ọmọ ìlú lọ́hùn-ún. Ìbò Ògúnbáyọ̀ méjì wà ní Amẹ́ríkà, ìdílé ò sì tíì jókòó lé e lórí!

Kíá, ó pe Hafeez, akọ̀wé ẹbí. Ọmọ Alhaja Abibat, ẹ̀gbọ́n Bàbá Titus, ni Hafeez, olùkọ́ ni ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ̀rín pa á.

“Bàbá, ìbò ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń dì níbẹ̀.”

“Ìkọ̀kọ̀ sí ta ni?” ni Bàbá Titus jágbe. “Sí bàbá tó bí i?”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ìpàdé nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n máa ń ṣe é, lẹ́yìn tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì bá ti dé, kí àwọn Mùsùlùmí tó lọ kírun Àsárì, nítorí ìdajì ilé náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìdajì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Hafeez ṣàlàyé ẹgbẹ́ méjèèjì bó ti lè ṣe tó, kò sì gbè sẹ́yìn ọ̀kankan. Bashiru, ọdẹ tó jẹ́ ọmọ bàbá wọn, kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Èwo ló ní kí oníkálukú ra ìbọn tó wù ú?”

“Àwọn elérin ni, Bàbá.”

“Èmi ti dìbò.” Ó jókòó. Ó tún dìde. “Ṣé ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n fi ń pa?”

“Ti àwọn kan. Àwọn mìíràn ń gbé tiwọn pa mọ́ sí yàrá.”

“Inú yàrá? Níbi tí ìyàwó wà?” Bashiru mirí, ó gba ìbò rẹ̀ padà, ilé sì wó fún ẹ̀rín.

Alhaja Abibat ló tún kàn. Òun ni àgbà gbogbo wọn, àpọ́nlé ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Hafeez, àwọn tó ní kí obìnrin máà ṣẹ́yún, àti àwọn tó ní kó ṣe èyí tó bá wù ú. Mo gbọ́ tàwọn méjèèjì. Tó bá wá bímọ tán, ta ní ń bá a wẹ ọmọ?”

“Kò sẹ́ni, Mọ́mì. Ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ wá físà ná.”

“Ẹ̀ẹ́tijẹ́?” Bí ọ̀rọ̀ bá ti ká Alhaja lára, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló ń sọ; ‘kí ló dé’ ló ń béèrè yẹn. “Àwẹn méjèèjì ò tíì bẹ̀rẹ̀ òṣèlú.”

Bí wọ́n bá tẹ̀lé tirẹ̀ ni, ibẹ̀ ni wọn ì bá fi ọ̀rọ̀ mọ sí. Ṣùgbọ́n ohùn Bàbá Titus ga ju ti gbogbo wọn lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ebi ń pa kì í fẹ́ jiyàn pẹ́. Wọ́n gbà fún un. Ìpinnu ẹbí ni pé kí Olúfúnmi àti Gbọ́láhàn dìbò fún erin. Bí ọkọ àti ìyàwó kò bá fẹnu kò, kí ìyàwó tẹ̀lé ọkọ, kí ọkọ sì tẹ̀lé ẹbí. Hafeez tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sórí Wásáàpù, ó ń rín músẹ́ sínú irùngbọ̀n.

Ohùn ni Olúfúnmi fi dáhùn. “Ẹ kú ìpàdé, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ ṣeun tí ẹ ro tiwa. Wọ́ọ̀dù àwọn aboyún ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí obìnrin tó ń ṣàìsàn tí dókítà ń bẹ̀rù òfin oyún kó tó tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni màá fi dìbò. Gbọ́láhàn ní tirẹ̀ lọ́kàn o. Ó ní òbí ló yẹ kó mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ òun nílé ìwé, mi ò sì lè ní irọ́ ló ń pa. Ó ṣeé ṣe kí a má dìbò fún ẹnì kan náà. A ò jà. Bàbá mi, ẹ má bínú, ìbò mi, èmi ni mo ni ín.”

Bàbá Titus tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ọkọ lọ sọ́tùn-ún, ìyàwó lọ sósì, ó ní àwọn ò jà!” Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dùn ún. Èmi ni mo ni ín. Ó ṣe é bí ìgbà tí ẹnì kan gbé ayùn, tó gé ibi tí òǹtẹ̀ wà kúrò lára igi rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí, ó ti ní ohun tí kì í ṣe ti òun.

Nígbà tí Sátidé dé, ó wẹ̀, ó wọ bùbá, ó jókòó. Fóònù dún. Ó rí àwòrán Moyọ̀sọ́rẹ lójú rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, fóònù dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Sátidé tó tẹ̀lé e, àti èyí tó tún tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá bi í, á ní nẹ́tíwọ̀kì ni kò dára. Japara tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti ń bá ọmọ wọn ní Kánádà rojọ́ láti àárọ̀ dọ̀sán! Ìdìbò wáyé lọ́hùn-ún, ẹni tí yóò wọlé wọlé, rédíò pariwo rẹ̀ títí, Bàbá Titus ò sì gbádùn ọ̀kankan nínú rẹ̀. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ gan-an. Ìgbéraga ni ò jẹ́ kó sọ ọ́ jáde.

Nígbà tí ìpàdé oṣù mìíràn dé, ó dìde. “Mo fẹ́ kí ẹbí bá mi bá Olúfúnmi wí. Kí ẹ bu ìtanràn lé e. Kó tó bẹ̀bẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀.”

Bashiru ń wo bàtà rẹ̀. Hafeez fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Alhaja Abibat bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Bàbá Fúnmi, orúkọ wo ni wẹ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ tìrẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló kan tìyẹn níbí?”

“Mo ní orúkọ wo ni?”

“Tàjúdéènì,” ni Bàbá Titus wí, ó sì rọra sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi ara wọn pé kí ló wí. Àwọn ọmọ inú ilé náà tó kéré ò mọ orúkọ náà rí.

Alhaja wá kọjú sí wọn. Ó ní bàbá àwọn, Fàsásì Ògúnbáyọ̀, sàfù àkọ́kọ́, ìyẹn ìlà iwájú, ló ń dúró sí nínú mọ́ṣáláṣí. Ó ní Tàjú lọ sílé ìwé ìjọ, ó gbọ́ dùùrù, dùùrù sì gbé e lọ. Ó wálé wá sọ fún bàbá pé òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi, pé Titus ni òun fẹ́ máa jẹ́.

“Abẹ́ òrùlé yìí náà ni ẹbí ti jókòó,” ni Alhaja wí. “Wọ́n ní ká nà án. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Bàbá ní, ‘Bí mo bá fi pàṣán lé e padà sí mọ́ṣáláṣí, ṣé Ọlọ́run ni yóò máa sìn níbẹ̀, àbí pàṣán?’ Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sunkún, mo rí i. Ṣùgbọ́n òun ló ra bàtà tí Tàjú wọ̀ lọ síbi ìrìbọmi. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò wọlé o. Ó dúró síta títí wọ́n fi ṣe é tán, ó sì mú un wálé.”

Ó tún awò rẹ̀ wọ̀. “Ẹni tí wọ́n ṣe é fún ló ń bẹ̀ wá pé ká má bá ọmọ sọ̀rọ̀.”

Bàbá Titus ṣì dúró. Kì í ṣe pé ó gbàgbé bàtà náà. Dúdú ni, ó fún un díẹ̀ ní ìka, kò sì bọ́ ọ lójú ọ̀nà. Kò kàn ronú ọjọ́ náà rí láti ibi tí bàbá rẹ̀ dúró sí, lábẹ́ oòrùn, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Bashiru ló gbà á sílẹ̀. Ó ní ẹni tó fi ìpàdé méjì ṣòfò lórí ìlú tí wọn ò ti mọ ìdílé rí, ìtanràn tirẹ̀ ni pé kó se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo ilé, ẹja tútù láti Ìbíadé ni kó sì fi sè é, kì í ṣe ti inú agolo. Wọ́n gbè é lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Bàbá Titus ní òun gbà, kò sì dúró gbọ́ àdúrà ìparí. Ilé rẹ̀ ló gbà lọ.

Ó pe Olúfúnmi, Moyọ̀sọ́rẹ ló gbé fóònù. “Bàbá Japara! Nẹ́tíwọ̀kì yín ti dáa?”

“Ó ti dáa, ọmọ mi.”

“Mo tẹ̀lé Mọ́mì lọ dìbò! Wọ́n fún mi ní sítíkà! Ẹ gbọ́, Mọ́mì dìbò fún…”

“Má sọ!” Bàbá Titus kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ fi fò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. “Má sọ fún mi o. Ti ìyá rẹ ni.”

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. Ojú Olúfúnmi yọ lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ wọn látìgbà yìí.

“Bàbá mi, ṣé ẹ ò fẹ́ mọ̀ ni?”

“Mo fẹ́ mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n màá dúró síta.”

“Síta ibo, Bàbá?”

“Jókòó,” ló wí. “Jókòó, kí n sọ fún ọ nípa bàbá mi.”