Ewé Hísópù Tí Ìyá Mi Wá Dé Òkukù

Télọ̀ ni ìyá mi, ní Ìkìrun. Bí oníbàárà bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yé wọn, wọn á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, wọn á ní kó tún un sọ. Bàbá wa máa ń sọ pé bí ìyá wa bá dé ọ̀run, àwọn áńgẹ́lì ò ní í ráyè kọrin mọ́, ìbéèrè ni wọn á máa dáhùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì tí a máa ń ṣe kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, a ka orin tí ọba kan fi tọrọ àforíjì, níbi tó ti ní kí Ọlọ́run fi ewé hísópù wẹ òun mọ́. Ìyá mi nawọ́, wọ́n ní irú ewé wo nìyẹn. Olùkọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ní ewé ilẹ̀ àwọn Júù ni. Ìyá mi ní ó dáa, ṣùgbọ́n ṣé ó fẹ̀ ni àbí ó tín-ín-rín, ṣé ó sì ń ta sánsán? Kò mọ̀. Pásítọ̀ wa náà ò mọ̀. Mo wá àwòrán rẹ̀ lórí fóònù fún wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n dá fóònù mi padà fún mi, wọ́n ní àwòrán ò ní òórùn.

Nígbà tó di Sátidé, a lọ sí Inísà, sọ́dọ̀ tíṣà kan tó kọ́ ìyá mi nílé ẹ̀kọ́ girama, tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá náà ní òun ò fojú rí hísópù rí, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí efinrin ni. Wọ́n já ẹ̀ka efinrin kan lẹ́yìnkùlé wọn, wọ́n ní kí ìyá mi fọwọ́ pa igi rẹ̀ wò. Onígun mẹ́rin ni. Ìyá mi ń yí i láàárín ìka, ẹnu yà wọ́n pé láti kékeré làwọn ti ń já efinrin sọ́bẹ̀, àwọn ò mọ̀ pé igi rẹ̀ kò rí roboto.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Ìyá mi ní oríṣi efinrin pọ̀, èwo ló sún mọ́ ọn jù? Bàbá tíṣà wá júwe màmá arúgbó kan fún wa ní Òkukù, tó ń bọ òrìṣà, tó sì ń fi ewé tọ́jú ènìyàn. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo bi ìyá mi pé kí ni àwọn ará ìjọ máa sọ.

Wọ́n ní, "Ẹni tó ń wá nǹkan kì í ṣa ẹni tó máa bi léèrè."

Màmá arúgbó náà ń sá ewé sórí àtẹ nígbà tí a dé. Wọ́n fún wa lága, wọ́n ní kí ìyá mi sọ iṣẹ́ tí ewé náà ń ṣe, torí iṣẹ́ ewé làwọn fi ń mọ ewé. Ni ìyá mi bá sọ ìtàn ọba náà látòkèdélẹ̀: bó ṣe gba ìyàwó oníyàwó, bó ṣe jẹ́ kí wọ́n pa ọkọ obìnrin náà sójú ogun, àti bó ṣe wá ń sunkún bẹ Ọlọ́run. Màmá arúgbó náà ò sá ewé mọ́.

Wọ́n ní, "Ṣé Ọlọ́run yín wá dárí jì í?"

"Ó dárí jì í, màmá," ni ìyá mi wí.

"Ọkọ tí wọ́n pa ńkọ́? Ta ló bẹ òun?"

Ìyá mi ní àwọn ò mọ̀. Màmá arúgbó náà di efinrin oríṣi mẹ́ta fún wa, wọ́n ní kò sí èyí tó lè wẹ irú ìyẹn nínú wọn, ká fi se ọbẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Ìkìrun, fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Bíbélì ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá mi ní láti ìgbà ọmọge làwọn ti ń ka orin ọba yẹn, àwọn ò bèèrè ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí wọ́n pa náà rí. Ìyẹn ló dùn wọ́n jù. Wọ́n gbé ìbéèrè náà tọ pásítọ̀ lọ. Pásítọ̀ ní òun gbà pé Ọlọ́run ò gbàgbé ọkùnrin náà, torí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú Ìwé, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà.

Ìdáhùn kékeré yìí ni ìyá mi tún gbé lọ sí Òkukù. Màmá arúgbó náà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kò tíì tó, ṣùgbọ́n inú àwọn dùn.

"Àwọn tó máa ń wá wàásù fún mi," ni wọ́n wí, "wọn kì í dúró gbọ́ ìbéèrè."

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó yí ẹ̀sìn padà nínú wọn, àmọ́ ìyá mi ò jáwọ́ nínú àdúrà fún màmá náà. Lóṣù tó kọjá, ikọ́ ń yọ ìyá mi lẹ́nu, màmá arúgbó náà sì fi ewé ránṣẹ́. Ìyá mi ní kí n kọ́kọ́ pè wọ́n, kí n bi wọ́n bóyá wọ́n pe nǹkan kan sí i. Màmá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ewé lásán ni, kí ọ̀rẹ́ àwọn sè é mu. Ìyá mi gbàdúrà sí i, wọ́n mu ún, wọ́n sì ní kí n tún pe màmá náà, kí n bèèrè orúkọ ewé náà.