Àwọn Òkú Tó Ń Gbé Fóònù

Abẹ́rẹ́ ni àwọn aláìsàn ń pè é lẹ́yìn. Lójú rẹ̀, Ìyá Káàdì ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíníkì ọkàn ní ilé ìwòsàn ńlá náà, tábìlì kan níwájú, àpótí káàdì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ẹnu kan tí kò ní ìdérí. Ẹni tí dókítà bá ní kó wá lọ́sẹ̀ mẹ́rin, tó wá wá lọ́sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ń gba abẹ́rẹ́. Kì í pariwo. Kò sì jẹ́ yọ "ẹ" kúrò nínú èébú.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá. A ti pín ogún yín tán."

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, á sì máa wá káàdì lọ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Àwọn aláìsàn náà fúnra wọn kì í ṣe èèyàn tó rọrùn. Ẹsẹ̀ wíwú, èémí kúkúrú, ọkàn tó ti rẹ̀, orí tó le. Dókítà á ní kí wọ́n má jẹ iyọ̀, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n á délé, wọ́n á máa wá iyọ̀ kiri bí ẹni tó sọ ọmọ nù. Oògùn tó ń mú wọn tọ̀, wọ́n á fò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ìpàdé. Tí ẹsẹ̀ bá tún wú, ojú á tì wọ́n, wọn ò ní wá. Tí wọn ò bá ti wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù Abẹ́rẹ́ ò ní jẹ́ kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́dún yẹn, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ní àwọn fẹ́ mọ ohun tí kíníkì kọ̀ọ̀kan ń fi ibùsùn ṣe. Èèyàn méjìlélọ́gọ́ta ni wọ́n ti dá dúró sí wọ́ọ̀dù ọkàn láàárín ọdún kan. Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Kí ló ṣe wọ́n? Ibo ló parí sí? Mẹ́jọ ti kú ní wọ́ọ̀dù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ọ̀gá Dókítà fa ìlà sórí ìwé gbàǹgbà kan, ó gbé fóònù fún Ìyá Káàdì, ó ní kó pe àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi pè wọ́n. Nígbà tó fi máa parí, mọ́kànlélógún ti tún kú.

Ọ̀gá Dókítà ka ìwé náà, ó jókòó. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó dìde. Ó ní òun mọ̀ pé àrùn ọkàn kì í ṣe eré, ṣùgbọ́n kíníkì tó ń pa nǹkan bí ìdajì èèyàn, ibojì ló yẹ kó máa jẹ́. Àwọn aláṣẹ náà ò fi falẹ̀. Wọ́n ní bí ìwé náà ò bá yàtọ̀ títí di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àwọn á gba ibùsùn méjèèjìlá, àwọn á kó wọn fún kíníkì ojú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ọ̀gá kíníkì ojú ti mú tépù wọlé, ó ń wọn fèrèsé fún kọ́tìnì. Ó kí Ìyá Káàdì tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń wá èèyàn ní ilé ìfọṣọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá náà. Ó mọ àwọn èèyàn yìí. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí kò tíì bú.

Lọ́jọ́ kejì, ó yà sí ọjà lọ ra bọ́tìnì. Níbẹ̀ ló ti bá òkú kan tó ń ná òwú.

Aránṣọ ni òkú náà. Nígbà tí ìyá náà pè é, àbúrò rẹ̀ ló gbé fóònù, ohùn rẹ̀ ti ṣá, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti lọ sinmi. Ìyá Káàdì bá a kẹ́dùn dáadáa. Àṣé àti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ohùn kan náà ni, òun ló ń sọ fún olówùú báyìí pé ọ̀yájú lèyí.

Aránṣọ yíjú, ó rí i. Òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Káàdì, ẹ má bínú," ó ní. "Mo ti kú."

"Mo gbọ́," Ìyá Káàdì ní. "Ìgbà wo ni ìsìnkú?"

Obìnrin náà jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ó ti pa ọjọ́ kíníkì méjì jẹ. Nígbà tó gbọ́ ohùn yẹn lórí fóònù, ikú ló kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Ó ní kì í ṣe òun nìkan. Orí bẹ́ǹṣì kíníkì ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn: tí Abẹ́rẹ́ bá pè, ẹ ní ẹni tó ni fóònù ti kú. Kò sẹ́ni tó ń bú òkú.

Ìyá Káàdì gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí oògùn tí kò sí omi nídìí rẹ̀. Ó ní kí aránṣọ wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó gba ààyè ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ Ọ̀gá Dókítà, ó fi ìwé sínú báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí òkú dìde láti ilé dé ilé.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ti kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ẹkún. Wọ́n sun ún dáadáa, àmọ́ ohùn wọn ò ṣe déédéé, bàbá náà fúnra rẹ̀ ló yọrí síta láti tún un ṣe. Ọkùnrin kan ní ìkejì òkú ni òun, ìbejì ni àwọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú bí ìrọ̀rí ló tú u fó. Ìyá arúgbó kan wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kò lè jáde mọ́, Ìyá Káàdì àti ọmọ ìyá náà ni wọ́n jọ fà á jáde. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́rú, ogún ti jíǹde. Ẹnì kan ló kù.

Inú Ìyá Káàdì ti dùn jù, òun ló sì ṣì í lọ́nà. Nígbà tó máa fi dé ilé káfíńtà, kò gbà mọ́ pé ẹnikẹ́ni lè kú.

Ọmọ káfíńtà ló bá níwájú ilé, ọ̀dọ́kùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń fági. Òun náà ló gbé fóònù lọ́jọ́sí, tó ní bàbá òun ti kú, tó sì pa á. Ìyá Káàdì ní kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ kó jáde lábẹ́ ibùsùn, àjíǹde ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà ní bàbá òun ti kú.

Ìyá Káàdì ní gbogbo wọn ni wọ́n ń kú. Ó na ọrùn sẹ́nu ọ̀nà, ó ké sínú ilé.

"Bàbá káfíńtà, ẹ jáde. Mo ti gbóòórùn iyọ̀ yín láti títì."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọmọ náà gbé ìfági sílẹ̀. Kò bínú. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá fún un.

Wọ́n ti ká fóòmù, wọ́n fi okùn dì í. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Káàdì kíníkì rọ̀ sórí ìṣó lára ògiri, ọjọ́ tó kẹ́yìn lórí rẹ̀ jẹ́ ìkọ̀wé ìyá náà fúnra rẹ̀.

"Ọjọ́ tí ẹ dá fún un ti kọjá," ọmọ náà ní. "Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan, ó múra. Ó wọ bàtà. Ó jókòó síbí. Ó ní ẹ máa bú òun. Ó bọ́ bàtà. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Sátidé ló kú."

Ọmọ náà gbé àpótí ìjókòó fún Ìyá Káàdì, ìyá náà jókòó. Ó béèrè bóyá ọmọ náà ń bínú sí òun.

"Òun ni mò ń bínú sí," ọmọ náà ní. "Bàtà ti wà lẹ́sẹ̀."

Ó padà sídìí igi rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ogún òkú jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ọ̀gá kíníkì ojú yọjú, ó kà wọ́n, ó ká tépù rẹ̀. Ẹni mẹ́sàn-án péré ló kú nínú méjìlélọ́gọ́ta. Àwọn aláṣẹ ní ó dáa, kí wọ́n máa lo ibùsùn wọn. Ọ̀gá Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ìyá Káàdì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé gbàǹgbà náà tọ̀ ọ́ lọ, ó ní níbo ni òun máa kọ ọ́ sí pé ẹnu akọ̀wé káàdì ni kò jẹ́ kí káfíńtà wá. Ọ̀gá Dókítà wò ó. Ó ní ọkàn bàbá yẹn ti fẹ̀ tipẹ́, ọ̀sẹ̀ kan lè má yí nǹkan kan padà. Ó tún ní ó sì lè yí i padà. Òun ò mọ̀. Ó wo ìlà tó wà lórí ìwé: ọjọ́ orí, ẹsẹ̀, èémí, iyọ̀, oògùn, òpin.

"Ìyá, kò sí ìlà fún ìyẹn."

"Ẹ fa ọ̀kan."

Kò fà á. Ó ní wọ́n á fi kíníkì ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ìyá náà ṣe pinnu láti pa ẹnu dé nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, awakọ̀ tírélà kan wọlé. Oṣù mẹ́rin ló ti pẹ́. Kò lè máa lo oògùn ìtọ̀ lójú ọ̀nà, ló bá pa kíníkì náà tì pẹ̀lú oògùn. Ó rọra ń bọ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ti káwọ́ lérí de ohun tó máa gbọ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà," Ìyá Káàdì ní. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jókòó, ẹ sinmi."

Awakọ̀ di tábìlì mú. Òógùn bò ó. Obìnrin kan ti ń gbàdúrà fún un lábẹ́lẹ̀.

"Ìyá, ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ ò bú mi?" ó ní. "Kí ni dókítà rí? Ṣé ó ti bọ́?"

Ìyá Káàdì wò ó. Bó bá fi í sílẹ̀ báyìí, ìbẹ̀rù nìkan á pa á kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

"Kò rí nǹkan kan," ó ní. "Kí ló máa rí? Ṣé ẹ wá ni? Oṣù mẹ́rin, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjì yìí ká ìlú bí àpò sìmẹ́ńtì, ẹ jókòó sórí tírélà, ẹ ò fẹ́ tọ̀. Ṣé kò sí igbó lójú ọ̀nà ni?"

Awakọ̀ mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ padà sípò.

"Ẹ ṣé, Ìyá," ó ní.

Ìyá Káàdì yọ káàdì rẹ̀, ó nu ún, ó kọ ọjọ́ sí i. Kò tíì fún un.

"Tẹ́ ẹ bá pẹ́, ẹ ṣì wá," ó ní. "Ẹ wá gba èébú yín, kẹ́ ẹ sì gba oògùn."

Awakọ̀ ní òun á wá. Ó wá béèrè, ní ohùn kékeré, bóyá òun lè jókòó síbi tó sún mọ́ ilé ìtọ̀.